Àdírẹ́sì Tí Ìyá Ayọ̀ọlá Kò Fi Sílẹ̀ ní Akpakpa

Ìbíjọkẹ́ Filọmẹ́nì Adéògún, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ọmọ Pobè, opó, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé ìfìwéránṣẹ́, ń gbé ní Ekpè. Mo kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Cotonou ló ń sọ ìtàn rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ ènìyàn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀. Lẹ́tà tó padà ni iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an: èyí tí orúkọ ẹni tó ni ín ti parẹ́, èyí tí ẹni tó ni ín ti kú, àti èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, èyí tí ẹni tó ni ín ti kó kúrò láìsọ ibi tó ń lọ. Ó ní òǹtẹ̀ kan tó fi ń lu irú wọn, tó ń sọ pé ẹni náà ti kó lọ, kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀. Kò fẹ́ràn òǹtẹ̀ náà rárá. Ó máa ń sọ fún wa nídìí oúnjẹ pé ẹni tó bá kó kúrò láìsọ ti sọ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ di alárìnkiri.

Adélékan ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin kíláàsì rẹ̀ àti tèmi fún ọdún mẹ́tàdínlógún, níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Akpakpa. Bí ariwo àwọn ọmọ bá pọ̀, kì í jágbe mọ́ wọn, kì í sì í na ẹnikẹ́ni. Ìka ni yóò fi kan tábìlì: ẹ̀ẹ̀méjì léra léra, ìdákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Kíláàsì rẹ̀ a pa rọ́rọ́. Kí n sọ òtítọ́, tèmi náà a pa rọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ nígbà tó bá dé nírọ̀lẹ́.

Ilé oníyàrá mẹ́rin ló kọ́ sí etí òkun ní Akpakpa. Nígbà tó ń kọ́ ọ, ohun tó wà láàrin ilé náà àti omi nìyí: ọ̀wọ́ igi àgbọn mẹ́ta, pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibi tí àwọn apẹja ń sá àwọ̀n sí, àti iyanrìn tí ènìyàn yóò rìn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó kú ní ọdún 2001. A sin ín sí yàrá ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé wọn ní Pobè, àlùfáà sì gbàdúrà lé e lórí.

Àṣà kan wà nínú ẹbí yẹn tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, nítorí láìsí i, ohun tó kù kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń kó kúrò nínú ilé tí òkú wà gbọ́dọ̀ dúró níbi orí sàréè, kí ó pe òkú náà lórúkọ, kí ó sì sọ ibi tí òun ń lọ fún un: ìlú wo, àdúgbò wo, àti bí ẹnu ọ̀nà ilé náà ti rí. Àwọn àgbà wọn ní òkú ilé a máa wá ará ilé rẹ̀ kiri nírọ̀lẹ́. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni yóò máa kàn.

Òkun ń bọ̀ ní tirẹ̀. Ó gba ibi àwọ̀n, ó gba pápá, ó gba àwọn igi àgbọn ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù keje ọdún 2009, ògiri iwájú ilé là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni. Ìyá Ayọ̀ọlá, nítorí Ayọ̀ọlá ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, kó ẹrù sórí ọmọlanke ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀: ibùsùn méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ, odó, ère Màríà, àpótí ìwé ọkọ rẹ̀, àti fọ́tò tí gbogbo àwa olùkọ́ yà lọ́dún tí iléèwé pé ogún ọdún. Ó fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Kò dágbére fún òkú. Àwọn àgbà ẹbí ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti Pobè pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá hú egungun Adélékan, kí àwọn gbé e lọ sílé. Ta ló ń dágbére fún ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá mú lọ́túnla?

Òkun kò dúró de ìpàdé ẹbí. Nígbà tí àwọn àgbà dé ní òwúrọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọkọ́ méjì àti aṣọ funfun, iwájú omi ni wọ́n dúró sí.

Ìyá Ayọ̀ọlá gba ilé sí Ekpè. Kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀ tí Sàídátù, oníṣòwò aṣọ tí ilé wọn jọ fara kan ara, wá sọ fún un pé ẹnìkan ń kan géètì òun nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí òun bá ṣí i, òun kì í rí ẹnikẹ́ni. Ìyá Ayọ̀ọlá bi í pé báwo ni ẹni náà ṣe ń kàn án. Sàídátù fi ìka kan apá àga: ẹ̀ẹ̀méjì, ìdákẹ́, ẹ̀kẹta. Ìyá Ayọ̀ọlá rọra gbé abọ́ gàrí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi rí bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹnìkan ń kan géètì àdúgbò náà: lónìí ti Sàídátù, lọ́la ti oníbúrẹ́dì, lọ́jọ́ mìíràn ti ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀. Kò kan ti Ìyá Ayọ̀ọlá rí. Ó gbé àga síta, ó ṣí géètì tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó jókòó tì í. Ó sì máa ń gbọ́ ọ ní ilé kẹta. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìsìn Máàsì fún òkú nígbà mẹ́fà. Ó lọ dúró létí òkun ní Akpakpa, ó pariwo àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sójú omi, ṣùgbọ́n ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀ ti jìnnà sínú ibú. Ó sọ fún mi pé ìgbì ń dá ohùn òun padà bí ìgbà tí wọ́n ń dá lẹ́tà padà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Ayọ̀ọlá sọ fún un nípa ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó èrò papọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti èbúté àwọn apẹja, tí wọ́n fi ń wo ìlú láti ojú òkun bí oòrùn ti ń wọ̀. Ọmọ náà rò pé ìgbafẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ béèrè: ṣé ó ń kọjá níwájú Akpakpa? Nígbà tó gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wá bá mi pé kí n bá òun lọ, nítorí èmi náà mọ àmì ilé náà. Àmì náà ni pé, láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, àgbélébùú orí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wà ní ọ̀gangan orí táńkì omi gogoro tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ìdérí lórí ìgò. Adélékan a máa kó kíláàsì rẹ̀ wá síbẹ̀ láti fi kọ́ wọn ní ohun tí ìlà tó tọ́ ń jẹ́.

Mo ṣàlàyé fún un pé ìlà kan kò tó. Yóò sọ apá ibi tí ilé wà fún wa, kò lè sọ bó ti jìnnà tó sínú omi. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń fi ìgbéraga ka ìwé.

“Bàbá Adéjọkẹ́, mi ò bá yín wá wọn ilẹ̀. Mo fẹ́ bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ ni. Etí rẹ̀ kò di.”

A pé méjìlélógún nínú ọkọ̀ náà. Mo kà wá. Tọkọtaya kan láti Èkó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án láti Calavi, ìdílé kan láti Porto-Novo pẹ̀lú ìkókó, àwọn òyìnbó mẹ́ta, àwa méjì, àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Wọ́n fún olúkúlùkù ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Sèjró, ọkùnrin Ẹ̀gùn kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ń tukọ̀. Testimony ló ń ṣàlàyé ìlú fún wa. Ọmọ àwọn oníṣòwò tó wá láti Nàìjíríà ni, Cotonou ni wọ́n bí i sí. Yóò sọ ọ́ ní Faransé, yóò sì tún un sọ ní Yorùbá. Ó fi àwọn ọkọ̀ òkun ńlá tó ń dúró de àyè hàn wá, ó fi ẹnu ọ̀sà hàn wá àti afárá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣi ọdún méjì sọ. Mo mójú kúrò.

Oòrùn wà lẹ́yìn wa, ó pọ́n, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sára gbogbo ilé etí òkun, àwọn èrò sì ń ya fọ́tò. Ìyá Ayọ̀ọlá kò ya ọ̀kankan. Àgbélébùú náà ló ń wò. Ó ṣì jìnnà sí táńkì nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó ń rìn lọ bá a díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Testimony rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ilé kan wà lábẹ́ omi níhìn-ín. Obìnrin tó ni ín kọ̀ láti jáde. Ó fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ sàréè ọkọ rẹ̀, òkun sì gbé e lọ lóru. Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó ń rìn lójú omi, ó ń wá ọkọ rẹ̀, ó sì ń kan ara ọkọ̀ àwọn apẹja.

Ìyàwó ará Èkó náà ní tó bá kan tiwa, kí wọ́n sọ fún un pé ọkọ̀ ti kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ayọ̀ọlá dìde. Àgbélébùú kù díẹ̀ kí ó fara kan táńkì. Ó ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Testimony bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó, pé àwọn kì í dúró níbẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ìwọ lo sọ pé ibí ni mo kú sí. Jẹ́ kí òkú dúró díẹ̀.”

Testimony wò mí, bóyá kí n lè sọ pé àwàdà ni. Mo sọ fún un pé ilé rẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Sèjró kò béèrè ohunkóhun. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Àgbélébùú bọ́ sórí táńkì, ó jókòó síbẹ̀ bí ìdérí. Kò sí ohùn kankan mọ́ àfi omi.

Ìyá Ayọ̀ọlá tẹ̀ síwájú lára ọkọ̀. Ó sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá gba lẹ́tà, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

“Adélékan. Mo ti kó kúrò. Mi ò sọ fún ọ, mo rò pé a ń bọ̀ wá mú ọ ni, má bínú. Ekpè ni mo wà. Tí o bá gba títì Porto-Novo, má yà sí apá òkun, apá ọ̀sà ni kí o yà sí, níbi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Ilé kẹrin lọ́wọ́ ọ̀tún. Géètì aláwọ̀ ojú ọ̀run, igi àgbọn méjì. Ti Sàídátù ló ṣáájú tèmi. Má kan tirẹ̀ mọ́, ò ń dẹ́rù bà á.”

Ohun kan kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa: ẹ̀ẹ̀méjì, ìdákẹ́, ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà Sèjró sọ pé igi tó léfòó ni, pé ó pọ̀ níbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé, láìrò ó tẹ́lẹ̀, mo na ẹ̀yìn mi, mo pa ẹnu mọ́, bí mo ti ń ṣe fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyàwó ará Èkó náà ti sún lọ sí ìparí ìjókòó. Testimony wá dúró tì wá. Ìyá Ayọ̀ọlá na ọwọ́ sí i pé kí ó fọwọ́ kàn án wò bóyá ó tutù bí ti òkú. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní kí Màmá dárí ji òun.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, mo lọ kí i ní Ekpè. A jókòó lábẹ́ igi àgbọn, Sàídátù ń bu omi sí ewébẹ̀ rẹ̀ lódìkejì ògiri. Bí oòrùn ti ń wọ̀, ẹnìkan kan géètì aláwọ̀ ojú ọ̀run náà bí mo ti mọ̀ ọ́n. Sàídátù dáwọ́ omi dúró. Ìyá Ayọ̀ọlá gbọn iwájú aṣọ rẹ̀, ó lọ ṣí géètì, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń fún ẹlòmíràn láyè láti kọjá, ó sì tì í padà. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ mu omi. Kò sí géètì tí ẹnikẹ́ni tún kàn bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà láti ìgbà yẹn.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀ ti wá gùn sí i. Wọ́n ní ìyá náà wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, àti pé nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, omi nìkan ni wọ́n bá lórí àga rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, alùpùpù zẹ́mìjàn méjì la sì gùn kúrò ní èbúté. Kò kú. Kò fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ọjọ́bọ̀ ló jáde, lójúmọmọ, lẹ́yìn ọmọlanke. Àṣìṣe tó sì burú jù ni ti ẹni tó ń wá ẹnìkejì. Kì í ṣe obìnrin ló ń wá ọkọ rẹ̀ lójú omi. Ọkọ ló ń wá aya rẹ̀, orí ilẹ̀ ló ti ń wá a, láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, fún ọdún mẹ́rìnlá. Kò wá a mọ́.