Ìyàwó Wa àti Kọ̀ntéénà Máńgòrò

Bí ẹ bá bi mí léèrè irú ènìyàn tí ìyàwó wa jẹ́, màá kọ́kọ́ pòṣé ná kí n tó dáhùn. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Èmi ni ìyálé rẹ̀, inú ilé kan náà la sì jọ ń gbé: yàrá tiwa lápá ọ̀tún, tiwọn lápá òsì, yàrá ìyá ọkọ wa láàárín, kí wọ́n lè máa gbọ́ tibí kí wọ́n sì máa gbọ́ tọ̀hún. Ọmọ náà ò ga, kò kúrú, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dé nítorí ẹ̀rín. Bó bá ń fọ abọ́, á máa rẹ́rìn-ín. Bí omi ò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, á tún rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín nínú ayé tó le tó báyìí.

Mo ń jowú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó kúrò lọ́nà. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni ìyá ọkọ wa ò ti mọ ẹlòmíràn mọ́. "Ìyàwó, wá bá mi ká aṣọ mi." "Ìyàwó, ìwọ nìkan lo mọ bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ." Èmi tí mo ti ń fọ aṣọ wọn kí ọkọ rẹ̀ tó hu irùngbọ̀n, mo wá di ará ìta. Bí mo bá sì fajú ro, wọ́n á ní, "Kí ló tún dé, Ìyálé?" bí ẹni pé èmi ni mo ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi mú un lọ síbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ wa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó oúnjẹ ránṣẹ́ sí òkè òkun: edé dídì, ẹja dídì, àti èso bí àsìkò rẹ̀ bá dé. Inú yàrá yìnyín la ti ń kó páálí jáde, a ó tì í gba ẹnu ọ̀nà tó so mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ntéénà, a ó tò ó títí á fi kún, ká tó tilẹ̀kùn. Kọ̀ntéénà yìí kì í ṣe àpótí lásán o. Ẹ̀rọ wà níwájú rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù gba ìsàlẹ̀ títí tí ẹrù á fi dé ibi tó ń lọ. Kóòtù lórí kóòtù là ń wọ̀, síbẹ̀ ikun á máa dà nímú.

Mo kọ́ ìyàwó bí wọ́n ṣe ń rìn nílẹ̀ tó ń yọ̀. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to edé: páálí kan á dábùú èkejì, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, á fún mọ́ra, kí ìgbì má baà dà á wó lójú òkun. Edé ti dì gbagidi kó tó wọbẹ̀, atẹ́gùn ò ní nǹkan ṣe láàárín rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló kàn ń gbà kọjá. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ̀ ọ́n tò ju àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lọ. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín níbí, Ẹlẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n sọ èmi? Màmá Fajúro. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Nígbà tó yá, Bàbá Oníkóòtù, tí wọ́n jẹ́ olórí ìkẹ́rù, ní eegun àwọn ò gba òtútù mọ́, àwọn fẹ́ lọ sinmi. Ipò yẹn ni mo ti ń wò tipẹ́tipẹ́. Olórí ìkẹ́rù kì í gbé páálí. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, á máa fọwọ́ júwe, àwọn ẹlòmíràn á máa sáré. Tèmi ni. Ta ló tún kù?

Ọ̀gá wa pe èmi àti ìyàwó. "Ẹ̀yin méjèèjì lọwọ́ yín mọ́ jù. Màmá, ẹ̀yin ẹ to kọ̀ntéénà edé. Ẹlẹ́rìn-ín á to ti máńgòrò. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, tá a rí bí ẹrù ṣe rí, a ó mọ ẹni tó máa rọ́pò bàbá."

Ara mi gbóná nínú yàrá yìnyín. Èmi àti ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́! Nígbà tá a délé, ìyá ọkọ wa ti gbọ́. Wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣe é fún ẹni tó bá tọ́ sí, àmọ́ ojú ìyàwó ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìkẹ́rù, mo tètè parí tèmi, ni mo bá rọra lọ yọjú wo tirẹ̀. Ó ti tò ó dé ìdajì. Ó mọ́ lójú, ó gún régé. Mo tún un wò, ni mo bá rí i: ó ti to máńgòrò bí ẹni ń to edé, páálí dábùú páálí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Èso ò dì, ó wà láàyè, ó ń mí, ooru sì ń jáde lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lu ihò sókè àti sísàlẹ̀ páálí rẹ̀. Àwọn páálí náà gbọ́dọ̀ gún gan-an lórí ara wọn kí ihò lè kan ihò, kí atẹ́gùn tútù gba ìsàlẹ̀ là á kọjá. Fèrèsé kékeré kan tún wà lára kọ̀ntéénà tí wọ́n ń ṣí, kí èémí rẹ̀ ráyè jáde. Bí ẹ bá dábùú páálí, ẹ ti di ihò pa. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti rà. Ìyàwó ò sì to èso rí. Edé nìkan ni mo kọ́ ọ.

Inú mi dùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, inú tiyín náà ì bá dùn. Mo rí ipò náà lọ́wọ́ mi. Mo rí ojú ìyá ọkọ wa nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé máńgòrò Ìyàwó ti di omi. Mo káwọ́ gbera, mo dúró.

Ni ìyàwó bá yíjú, ó rí mi. "Ìyálé mi, ẹ wá wò ó. Ṣé bẹ́ẹ ṣe kọ́ mi nìyí?" Ó wá kọjú sáwọn ọkùnrin tó ń bá a gbé e, ó ń fọ́nnu. "Ìyálé mi ló kọ́ mi níṣẹ́ o. Kò sóhun tí mo mọ̀ tí kì í ṣe tiwọn."

Orí mi gbóná. Ta ló ní kó dárúkọ mi? Ó lè gba ìyá ọkọ, ó lè gba ipò, àmọ́ kí wọ́n máa pòṣé lókè òkun pé ẹni tí èmi kọ́ ni kò mọṣẹ́? Láéláé. Mo wọnú kọ̀ntéénà tìbínútìbínú.

"Tú u."

"Ẹ̀n, Ìyálé mi?"

"Mo ní kó o tú u. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ṣé edé lo pe máńgòrò ni? Ṣó ò rí ihò lára páálí?"

Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo bá a tún un tò, mò ń pòṣé lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fọwọ́ mi ṣí fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn ni mo mọ̀ pé mo ti gbé ipò mi lé e lọ́wọ́. Mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé.

Ẹrù gúnlẹ̀ láyọ̀. Àwọn oníbàárà ya fọ́tò máńgòrò ránṣẹ́, ó le dáadáa, ara rẹ̀ ń dán. Edé tèmi náà dé ire, àmọ́ ta ló ń ya fọ́tò edé dídì? Gbogbo wọn rọ̀gbà yí Ẹlẹ́rìn-ín ká. Ọ̀gá ní, "Ó dáa, a ti mọ ẹni tó kàn." Mo kọjú sí ògiri, mò ń bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀. "Mi ò tò ó dáadáa. Ìyálé mi ló ní kí n tú u. Tí kì í bá ṣe tiwọn ni, kò ní sí fọ́tò kankan."

Báyìí ni mo ṣe di olórí ìkẹ́rù. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ wa, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ìyàwó wà. "Ìyàwó mi ṣe é. Ẹni mélòó ló lè sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀?" Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bá a ṣe jọ ń lọ síbi iṣẹ́, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ ọ́.

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà ò yé e. "Ṣebí ẹ̀yin náà lè ti dákẹ́ lọ́jọ́ máńgòrò yẹn, kẹ́ ẹ máa wò mí níran, àmọ́ ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ́ràn mi, Ìyálé mi. Mo mọ̀."

Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni mi ò ṣe ní jowú rẹ̀?