Òkè Tí Mi Ò Gùn Dópin

Bí òjò bá ti ń ṣú báyìí, orúnkún mi méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Àwọn ọmọ mi á ní kí n fi òróró pa á, kí n jókòó sójú kan, kí n yéé gun àtẹ̀gùn. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n á tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá àwọn fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò nígbà èwe. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo fi ṣòfò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n rò pé mo fi í ṣòfò sí kọ́ ló ń dùn mí.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí ní Òmù-Àrán nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kwara ṣì jẹ́ ọmọdé. Òmìnira ti dé, wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀ fún wa, ilé-ìwé ń hù káàkiri bí olú, ṣùgbọ́n tíṣà ò tó. Ìjọba wá ń kó tíṣà wá láti Íńdíà. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ni wọ́n fi sí ilé tó kọjú sí tèmi. Kì í jẹ ẹran, kì í mu ọtí, kò sì ní mọ́tò. Rírìn ló fẹ́ràn. Ó ní nílùú tòun, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun a máa fẹsẹ̀ rìn kiri wá àwọn òkè tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ wọn, àwọn ìṣàn-omi tó ń já bọ́ lára àpáta tí kò sí nínú ìwé, àti àwọn erékùṣù kéékèèké tó jẹ́ pé ẹyẹ àti apẹja kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀.

"Níbí yìí ńkọ́?" ló bi mí.

Mo dárúkọ ìṣàn-omi ńlá tí gbogbo ayé mọ̀, mo dárúkọ àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́. Ó mi orí. Ó ní òun ti rí ìwọ̀nyẹn nínú kàlẹ́ńdà, èyí tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà lòun ń béèrè. Ojú tì mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń ya òkè ilẹ̀ onílẹ̀ sójú pátákó, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ èyí tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti di Sátidé, a ó di búrẹ́dì àti ẹ̀pà sínú àpò, a ó rọ omi sínú ìgò, èmi á mú àdá dání. A gun ti ẹ̀yìn ilé-ìwé, a gun ti ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́, a rí ìṣàn-omi kan tí kò fẹ̀ ju ìró obìnrin lọ. Nígbà ìsinmi kan, a wọkọ̀ dé Ṣàrẹ́, a sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì títí a fi dé etí Odò Ọya. Apẹja Tápà kan fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí erékùṣù kan láàárín odò. Iyanrìn ni, ìtàkùn bàrà ni, ahéré kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀. Ó rẹ̀ wá gan-an. Ará Íńdíà sùn sórí iyanrìn bí ẹni tó délé bàbá rẹ̀. Èmi ń pa eṣinṣin, mo sì ń bi ara mi léèrè ohun tí mo wá ṣe.

Àwọn ará oko náà ò yéé bi wá. "Ẹ kú ìrìn o! Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"A fẹ́ gun òkè yìí ni."

"Kí lẹ gbàgbé síbẹ̀?"

A ó ní kò sí. Wọ́n á wo ara wọn lójú. Ìyá kan lápá Òkè-Onígbìn ò tilẹ̀ fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Ó wá bi wá pé èwo nínú méjèèjì ni tiwa. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọ̀dọ̀ mi ni màámi ń gbé lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló máa ń wò mí bí mo ṣe ń ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Òkè tèmi ńkọ́?"

Mo mọ òkè tó ń wí. Orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú àwọn bàbá rẹ̀ dó sí láyé ogun. Nígbà tó ṣì wà lọ́mọge ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé wà. Wọ́n ru ẹrù, wọ́n kó ewúrẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè kó àwọn òkú. Inú yàrá ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí láyé ìgbà náà, inú yàrá lókè níbẹ̀ ni ìyá màámi sì wà. Àwọn èèyàn rẹ̀ tún ní àṣà kan: òkú obìnrin kì í sùn nílùú ọkọ. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á gbé e padà sílùú bàbá rẹ̀.

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé mi lọ," ni màámi wí. "Lọ wò ó, kí o mọ ọ̀nà."

Mo ní, "Màámi, itẹ́ òkú ìjọ wà lẹ́yìn ibí yìí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣé kì í ṣe èmi àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá là ń gbá a? N ò kọ ìjọ. Ìyá mi ló dá sùn lókè níbẹ̀."

Mo ṣèlérí. Òjò dé, mo ní kí òjò dá. Òjò dá, ìdánwò dé, mo ní kí n máàkì ìwé tán. Láàárín ìgbà yẹn, a gun bí òkè mẹ́fà mìíràn. Òkè àwọn ẹlòmíràn dùn ún gùn, torí wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ìgbà kẹta tí màámi béèrè, ó rọra béèrè ni, bí ẹni tó ń bẹ àlejò. Mo sọ fún un pé Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó lọ.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà ti di igbó, èmi ni mò ń fi àdá là á, òkúta ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọ̀sán pọ́n kí a tó dé ìṣàn-omi kan ní ìdajì òkè náà. Omi tútù ń já bọ́ láti ara àpáta. A bọ́ bàtà, a ki ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀. Mo gbójú sókè wo ibi tó kù. Àpáta ni, ó dúró ṣánṣán. Bí mo ti ń wò ó, òkè kọ́ ni mo rí mọ́. Pósí ni mo rí, èèyàn mẹ́fà gbé e léjìká, èmi ni mo wà níwájú. Mo rò ó pé, ta ni yóò gbé èyí gun ibẹ̀? Ẹ̀rù bà mí, inú sì ń bí mi sí màámi pé ó lè ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí wa.

Mo ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ará Íńdíà wò mí. Ó ní, "Kí lẹ máa sọ fún màmá?"

"Màá ní ilé ibẹ̀ ti wó."

Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ṣíwájú mi sọ̀ kalẹ̀ títí a fi dé títì.

Ẹ̀wà ni màámi ń ṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní a dé ibẹ̀, gbogbo ilé ti wó, igbó ti bò ó, èèyàn ò lè mọ yàrá kan yàtọ̀ sí èkejì.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, màámi."

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ jẹun, pé oúnjẹ mi wà lórí tábìlì. Kò tún dárúkọ òkè náà mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la sin ín sí, akọrin kọrin, gbogbo èèyàn ló yìn wá pé a sìnkú ìyá wa dáadáa.

Àdéhùn iṣẹ́ ará Íńdíà parí, ó padà sílé. Mo fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan lẹ́tà rẹ̀ dé. Ó ní òun ò lè rìn jìnnà mọ́, ìrántí nìkan lòun fi ń gun òkè. Nísàlẹ̀ ìwé náà ló ti bi mí bóyá mo ti padà dé orí òkè màmá. Mo ka ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo mú ọ̀pá, tí mo dá gbéra ní àfẹ̀mọ́jú.

Mo jókòó nígbà mẹ́wàá. Mo fi ọwọ́ àti orúnkún rá gun apá ibì kan lára àpáta. Ohun tí mo ń gbàdúrà fún ni kí n bá ibẹ̀ ní wíwó, kí irọ́ mi lè di òótọ́. Nígbà tí mo dókè, ó ti wó lóòótọ́: ìdí ògiri, àfọ́kù ìkòkò, igi tó hù nínú yàrá. Mo mí kanlẹ̀. Àfi bí mo ṣe yíjú tí mo rí ilé kan tí koríko tuntun wà lórí rẹ̀, àti bàbá àgbẹ̀ kan tó ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo kí i, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀.

"Ọmọ màmá tó ń fi iyọ̀ ránṣẹ́?"

Ó ní ilé tí wọ́n sin ìyá màmá sí ni, òun ló ń fi ṣe abà. Ó ní màmá ló bá òun ṣàdéhùn lọ́jà Òmù-Àrán, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e, pé kí òun máa bo òrùlé rẹ̀ lọ́dọọdún. Láti ìgbà náà ló ti ń fi iyọ̀ àti ọṣẹ rán àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ sí òun. Ó mú mi wọlé. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi yí ojú oórì ìyá àgbà ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, wọ́n gbá a mọ́. Bàbá náà ní òun ò tẹ́ ẹní síbẹ̀ rí, torí màmá ti sọ pé àyè tòun nìyẹn.

Mo rọra jókòó sílẹ̀. Màámi ti mọ̀ pé ilé náà ò wó. Láti ìgbà tí mo ti la ẹnu mi parọ́, ó ti mọ̀.

"Ọlọ́run á fi àlùjánńà kẹ́ ẹ," ni bàbá náà wí. "Ó ti ránṣẹ́ nígbà kan pé ẹ ń bọ̀ ní Sátidé, tíṣà. Mo sun iṣu dè yín títí. Ọjà tó tẹ̀ lé e ló fi iyọ̀ ránṣẹ́ kẹ́yìn, iyọ̀ náà pọ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ pa koríko nítorí òun mọ́, pé ó ti rẹ ọmọ òun."

Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Mi ò lè sọ fún un pé ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ yẹn, èmi nìkan gun òkè méjì lápá Òkè-Onígbìn, mo sì ń súfèé bọ̀ wálé.