Òjò Fẹ́ Ká Igi Mọ́ Ìhòòhò

Gbogbo ará etí omi ló mọ kàfíńtà tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe yìí sí Má-Fọwọ́-Kàn-án. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ fa orúkọ náà wá. Tó bá ti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ títí igi fi wà ní ìhòòhò, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. "Má fọwọ́ kàn án! Ṣé òógùn lo fẹ́ fi bà á jẹ́ ni?" Ìyàwó rẹ̀ gan-an, tí wọ́n ti jọ wà láti ọgbọ̀n ọdún, kò fọwọ́ kan igi ọkọ̀ rí. Ẹnu géètì ló máa ń dúró sí tó bá gbé oúnjẹ wá, bí ẹni tó wá wo èèyàn lẹ́wọ̀n.

Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ọ̀dà ọkọ̀ kan tó kùn wú bí ara tí omi gbígbóná dà sí, ó sì ń bó kó tó pé oṣù méjì. Igi ọ̀hún ò tíì gbẹ dénú nígbà tó kùn ún. Ni wọ́n bá ń sọ ọ́ kiri pé ọwọ́ bàbá ti tán. Ọ̀gá awakọ̀ tó ń kó èrò sọdá odò nìkan ló tún gbé iṣẹ́ fún un, òun náà ò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: "Bàbá, tí eléyìí bá tún bó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sinmi nílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jà rànyìn lọ́kàn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Ọkọ̀ ọ̀gá awakọ̀ náà wà níta, nítorí ó gùn ju ṣọ́ọ̀bù lọ, kò sì sí ẹ̀kán ọ̀dà kan lára rẹ̀. Ó gbé ọ̀rá ńlá kan, ó wé e mọ́ ọkọ̀ gbágbágbá, ó fi okùn dè é láti orí dé ìdí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ dé ẹnu géètì, ó wò ó títí. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò jẹ́ kó mí. Á làágùn níbẹ̀ o."

"Ìwọ náà ti di kàfíńtà?"

"Rárá o. Mo kàn mọ ohun tó ṣe aṣọ tí mo dì sínú ọ̀rá kó tó gbẹ tán ni."

Bàbá pòṣé. Òjò ò tètè rọ̀, ooru ló mú. Nígbà tó tún wo ọ̀rá náà, omi ti ṣù sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún bí òógùn, ó ń kán sórí igi tótó, bẹ́ẹ̀ ni òjò ò tíì kán sílẹ̀ rárá! Ó fi ọ̀bẹ gé okùn, ó fa ọ̀rá ya, àfi wìì tí òjò dé.

Ìyàwó rẹ̀ ò dúró bú u. Ó ti sáré wọ inú ọgbà, ó fa tapólì yọ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń nà án sórí àwọn òpó tó yí ọkọ̀ ká, sókè dáadáa kó má baà kan igi, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Igun kan ò ríbi so, ó bá fọwọ́ dì í mú títí òjò fi dá, nígbà tí bàbá ń fi àkísà gbígbẹ nu igi. Omi òjò ń ṣàn lójú ìyàwó, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ òun kan ọkọ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni atẹ́gùn fi fẹ́ sí i. Ọ̀gá awakọ̀ ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ṣí agolo ọ̀dà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igi. Ìka rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ó tún gbé e lé e. Ó ti lé ní ọdún kan tí ìka rẹ̀ ò ti mọ tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ mọ́. Ohun tó ba ọkọ̀ èṣí jẹ́ nìyẹn, kò sì tíì sọ fún ẹnì kankan. Ìtìjú mú un débi pé ó fẹ́ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, kó kúkú kùn ún bẹ́ẹ̀.

Abọ́ dún lẹ́nu géètì.

"Gbé e kalẹ̀," ni bàbá wí, kò wẹ̀yìn. "Sún mọ́ ibí. Ọwọ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Fọwọ́ kàn án."

Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ kalẹ̀. Ó wá nu àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbé e lé igi jẹ́jẹ́. Ó rọra tọ ọkọ̀ náà lọ láti orí. Nígbà tó dé ìdí, ó dúró.

"Ibí yìí ṣì tutù."

Bàbá dé agolo ọ̀dà náà padà.