Ibi Tí Àjà Ọkọ̀ Ti Là

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, torí ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀: lọ́jọ́ kan, létí adágún omi Aṣà, mo rí òtítọ́ gbangba, mo sì pa á mọ́nú. Òórùn kóòtà gbígbóná, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ojú ọkọ̀, ló gba gbogbo etí omi kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá ìyàwó mi ti fa ọkọ̀ onípákó wọn gòkè. Ọkọ̀ náà dàgbà ju ìyàwó mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbọdọ̀ sọ ọjọ́ orí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì.

Iwájú ọkọ̀ náà ní àjà, ìyẹn pákó tí wọ́n tò bò ó kí omi má baà kan ẹrù èrò lábẹ́ rẹ̀. Ọyẹ́ ti là á káàkiri. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, èlùbọ́ obìnrin kan rin gbindin níbẹ̀, làwọn ọmọ Bàbá bá ní ojú bàbá àwọn ti ń ṣú, kí wọ́n yéé tukọ̀. Bàbá ní òun á tún un ṣe fúnra òun. Bí ibi kan ṣoṣo bá bọ́ mọ́ òun lójú títí ọkọ̀ fi padà sómi, òun á gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi rán mi lọ wò wọ́n. "Má lọ fi yẹ̀yẹ́ ṣe é o. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ń gbé."

Bàbá á fi ọ̀bẹ họ ojú ibi tó là, wọ́n á lọ́ òwú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọnú rẹ̀, wọ́n á wá da kóòtà lé e.

"Tíṣà, ṣé wọ́n kọ́ yín nírú èyí ní yunifásítì?"

"Wọn ò kọ́ wa, Bàbá."

"Alihamdulilahi. Ẹ ò bá ti rì tipẹ́."

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, mo rí ibi kan tó ṣì là létí ọ̀tún, tó gùn tó apá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n àna ni mí. Ẹnu wo ni ọkọ ọmọ ó fi wí fún bàbá ìyàwó pé ojú yín ò ríran mọ́? Nígbà tí wọ́n lọ kírun Alásàrí, mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo da kóòtà lé e. A ti ọkọ̀ sómi nírọ̀lẹ́. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé Bàbá ló ṣe gbogbo rẹ̀. Mo rò pé oore ni mo ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún wà létí omi, èrò ti wọkọ̀. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí àjà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó gbéra. Ọwọ́ wọn dúró.

"Wọn ò lọ́ òwú tó wà níbí. Ta ló ṣe é?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

"O rí i lánàá?"

"Mo rí i."

Wọ́n gbé ìka wọn sókè. "O ò bá fi ìka mi lé e. Ìka mi ṣì ń ríran."

Ojú wọn kọ́ ló gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìtẹríba mi ni. Nítorí ohun tí wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ, wọ́n gbé àjẹ̀ fún apẹja kan tó wà nítòsí, wọ́n rọra wọ inú ọkọ̀ láàárín èrò, wọ́n sì sọ fún obìnrin tó jókòó sẹ́yìn pátápátá pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀."