Ta Ni Yóò Kí Àǹtí Káàbọ̀?

Bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ní Collegno, lẹ́bàá Torino, kò fẹ́ràn òórùn irú. Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú, imú ẹni ni ẹni fi ń gbóòórùn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, bí mo bá ti da irú sínú ọbẹ̀ báyìí, á jáde sí cortile, àgbàlá ilé wa, á gbójú sókè, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà: "Ibí yìí ni wọ́n bí mi sí. Ibí yìí ni wọ́n bí bàbá mi sí." Èmi náà kì í dákẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Màá yọrí lójú fèrèsé, màá ní, "Ẹ kú oríire o, Bàbá. Ṣé kí a wá bá yín ṣe ìkómọ ni?" Yorùbá ni mo máa ń fi sọ ọ́ kó má baà gbọ́ ọ, torí ojú àgbà là ń wò. Ọkọ mi á fà mí wọlé, á ní kí n jẹ́ kí àwọn jẹun ní àlàáfíà.

Nígbà yẹn, ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ooru ibẹ̀ ń bó ni lójú, ìdí àti ẹ̀yìn mi kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ọlọ́run ṣe é, obìnrin kan gbọ́ bí mo ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìyá ìjọ wa kan lọ́dọ̀ dókítà. Obìnrin náà ní ẹgbẹ́ kékeré kan tó máa ń mú àwọn ènìyàn rìn káàkiri ìlú, tí wọ́n ń fi àṣà oríṣiríṣi hàn wọ́n. Ó ní ìyá àgbà kan ń bọ̀ láti Ọsirélíà, ọmọ onílẹ̀ gan-an ni, lára àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ìyá náà máa mú àwọn ènìyàn rìn létí odò Dora, á kọ́ wọn bí àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe ń bá ilẹ̀ rìn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, wọ́n sì ń wá ògbufọ̀. Obìnrin náà wò mí lójú, ó ní, "Tí eléyìí bá lọ dáadáa, ìwọ ni màá máa lò. O lè kúrò nílé ìfọṣọ." Mo gbàdúrà sí i. Kódà mo gbààwẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni, oòrùn ràn, a pàdé lẹ́bàá afárá. Ìyá náà dúdú bí èmi, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó ní Àǹtí ni kí n máa pe òun, pé bí wọ́n ṣe ń pe àgbà lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn. Mo bá kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Ara mi balẹ̀, mo ní iṣẹ́ yìí ti bọ́ sí i.

Obìnrin tó ni ẹgbẹ́ náà, tí mo ti ń pè ní Ọ̀gá, ní ó yá, ká máa lọ. Àǹtí wá ibi tó mọ́ lórí òkúta kan, ó jókòó. Ó béèrè pé, "Ta ni yóò kí mi káàbọ̀?"

Ọ̀gá sáré kí i káàbọ̀. Àǹtí dúpẹ́, ó ní, "Àwọn baba rẹ ńkọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti wá?" Ọ̀gá ní rárá o, Padova ni wọ́n ti wá. Àǹtí ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣàdédé wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Etí ilẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, títí onílẹ̀ fi máa wá mú un wọlé. Odò yìí kì í ṣe tèmi. Mi ò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìgbàṣẹ."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ní Calabria ni bàbá òun ti wá. Obìnrin kejì ní Puglia ni tòun. Tíṣà kan ní ọmọ Ferrara lòun. Bí a ṣe yí gbogbo wọn ká nìyẹn, a kò rí ọmọ Collegno ẹyọ kan. Iṣẹ́ ló gbé àwọn òbí wọn wá bó ṣe gbé àwa náà wá. Ẹnu yà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti rò pé onílẹ̀ ni gbogbo wọn, tí mò ń yà fún wọn lójú ọ̀nà. Àjèjì lójú, kò fi ríran.

Ojú ọ̀gá ti pọ́n. Ó sọ sí mi létí pé, "Sọ fún un kó jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná." Mo wo Àǹtí, mo rí i pé ìjókòó yẹn kì í ṣe ti eré. Ìyá àgbà tó bá jókòó báyẹn ní Ìbàdàn, ọba kò lè gbé e dìde. Àwọn kan ti ń yọ fóònù wọn. Ooru ilé ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọlù mí lójú afẹ́fẹ́ tútù.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa sọ sí mi lọ́kàn: "Ibí yìí ni wọ́n bí mi sí." Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Mo ní kí wọ́n dákun dúró dè mí, mo káṣọ, mo sáré.

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, ó kọ́kọ́ fi imú gbọ́ afẹ́fẹ́. Ó ní, "Ṣé o tún ti ń se nǹkan yẹn ni?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀." Mo rò fún un. Mo ní ìyá kan rìn láti òpin ayé wá, ó jókòó létí Dora, kò sì ní wọlé àfi tí ọmọ onílẹ̀ bá kí i. Mo ní, "A wá gbogbo ibẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n bí síbí."

Ó wò mí. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ń yí padà nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí: Bàbá ló jáde, ó de táì, ó dé fìlà, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní kí n má sáré mọ́, pé àgbà kì í sáré lọ pàdé àlejò. Èmi tí mo ti ń bá a jà láti ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú.

Nígbà tó dé iwájú Àǹtí, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èdè Ítálì. Èdè ìyá rẹ̀ ni, èdè ìbílẹ̀ agbègbè Piemonte, àwọn tó kù náà kò sì gbọ́ ọ. Ọ̀gá ń fi ojú sọ fún mi pé kí n túmọ̀. Mo mi orí, èmi náà kò gbọ́ ọ. Àǹtí ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ilẹ̀ ti gbọ́." Òun náà fi èdè tirẹ̀ dáhùn, ó dìde, ó fi ọwọ́ kan omi odò, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Mi ò ní gbàgbé ìrìn yẹn. Àǹtí ní kí a dákẹ́ kí a gbọ́ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí kò ti jìn, àgbàlagbà ń yọ̀ bí ọmọdé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Ó fi ẹrẹ̀ ara igi hàn wá, ibi tí odò gùn dé nígbà tó kún. Kò já ewé kan láìwo ojú Bàbá. Bàbá náà fi ibi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ hàn án, àti òkúta tí ìyá rẹ̀ máa ń fọṣọ lórí rẹ̀. Mo kí òkúta yẹn dáadáa, torí èmi náà mọ iṣẹ́ náà. Mo ń túmọ̀ lọ, mo ń túmọ̀ bọ̀, ọ̀fun mi gbẹ, inú mi dùn débi pé mi ò rántí mu omi.

A padà dé afárá. Àǹtí yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí o dé, ta ló kí ọ káàbọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí ìlà tí a tò sí níwájú questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, nínú òtútù, tí à ń dúró de ìwé ìgbélùú. Mo ní, "Àǹtí, kò sẹ́ni."

Ó fi ẹnu tọ́ka sí Bàbá. "Bi í bóyá òun ti kí ọ."

Ọ̀gá dúró, ó ń wò wá. Mo lè yí ọ̀rọ̀ náà padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kì í jẹ nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá ṣí fìlà, ó yíjú sí mi, ó sì fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn fún mi. Mo mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe ń dún. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò nu ún. Nígbà tó parí, ó dé fìlà rẹ̀, ó wá fi èdè Ítálì sọ pé, "Ṣùgbọ́n nǹkan tí ẹ ń sè yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ti fèrèsé."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ mi, ó ní dandan, òun máa jẹ nǹkan ọ̀hún kí òun tó lọ. Ọ̀gá ní kí n yọjú lọ́jọ́ Ajé, ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo da irú sí ọbẹ̀, mo sì ti fèrèsé. Àǹtí dé, mo mú un wọlé. Kò pẹ́, mo tún gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn. Bàbá ni, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ kọjá ìloro. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i káàbọ̀ ní Yorùbá. Kò ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Ó wọlé.