Epo Ojú Ọbẹ̀

Bí mo bá rí ṣíbí onígi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ìrókò ni mo máa ń rántí. Òun ló fi ń bu epo ojú ọbẹ̀ sórí iṣu ọkọ rẹ̀. Á ní, "Ti baálé ni èyí."

Nígbà tó yá, dókítà sọ pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n dín epo kù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bu epo kúrò nínú àwo ọkọ rẹ̀ sínú tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kùn: "Ọbẹ̀ yìí ṣàn bí omi ìṣanwọ́."

"Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá Àlàbí. Mi ò tíì fẹ́ ṣe opó."

Mo ní, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Akọ̀wé ọkọ mi, èmi kọ́ ni dókítà bá wí. Ìyá mi ṣe epo tà títí wọ́n fi kú. Ṣé kí n wá máa da epo nù ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ń jẹ iṣu mi lọ.

Rọpárọsẹ̀ ló pa ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ìwọ tó o lọ yunifásítì, ṣé o ò mọ̀ ni?"

Mo ní mo mọ̀.