Pépà Lárúbáwá Lórí Ilé Hamidat

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìdì pépà mẹ́sàn-án gun orí òrùlé kan ní Òkè-Oyi. Àhmádù, kápẹ́ńtà tó ń kan òrùlé náà, sọ pé mẹ́wàá ni. Èmi tí mò ń bá a gbé e gòkè kà á lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́sàn-án ni.

Ó ti lé lógún ọdún tí Àhmádù ti ń kan páànù káàkiri Ìlọrin. Ṣùgbọ́n pépà dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ páànù, kí omi tó bá jò má baà dé inú ilé, kò tẹ́ irú rẹ̀ rí. Hamidat, olùkọ́ ilé kéwú tó ni ilé náà, ló ní kí àbúrò òun fi ránṣẹ́ láti Jẹ́dà. Kítáàbù Hamidat ti wà nínú yàrá ilé tuntun náà, páálí mẹ́tàdínlógún, nítorí onílé rẹ̀ ní Tanke ti gba ayálégbé mìíràn.

Bí Àhmádù ṣe tú ìdì kìíní, Lárúbáwá ló kún ojú pépà. Ó bọ́ bàtà.

"Ẹsẹ̀ mi ò lè tẹ èyí. Bóyá orúkọ Ọlọ́hun wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ ò lè kà á ni, Bàbá Zahrah?" ni mo bi í.

"Mo ti parí Àlùkùránì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n èyí ò ní àmì lórí bíi tiẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń kánjú."

Ló bá dojú ìkọ̀wé bolẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà kàn án, ó sì kàn án mọ́ pákó. Aago mẹ́rin ń lọ lù nígbà tó parí.

Hamidat sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó mú àjákù pépà kan nílẹ̀, ó kà á.

"Bàbá Zahrah, ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ síbí?"

"Àdúà ni?"

"Wọ́n ní ojú tí ìkọ̀wé wà ni kó kọjú sí òkè. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń mu omi."

Àhmádù wo òrùlé. Ó wo sánmà, tó ti ṣú lápá Ìlọrin. Páànù kan ò tíì gòkè.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni."

"Mo mọ̀. Kítáàbù mi ńkọ́?"

Ó gun àkàsọ̀ padà láìwọ bàtà, ó ń fa ìṣó yọ. Ìlà méjì péré ló rí yí padà kí ẹ̀kán òjò tó bẹ̀rẹ̀. Hamidat sáré wọlé, ó ń wọ́ páálí lọ sí kọ̀rọ̀. Ohùn Àhmádù wá látòkè:

"Alhaja, hàǹtú ló wà lórí yìí. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ sí yín lórí, ṣebí owó làwọn kan fi ń ra omi tí aáfà fi fọ ìkọ̀wé wàláà mu?"